Ẹsẹ̀ Ẹyẹ Lára Ọ̀bẹ

Ọ̀gá Ìdáná kò kan ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọlọ́bẹ kì í kan ilẹ̀kùn, torí ariwo iná àti ti òòlù kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ó wọlé, ó gbé ohun kan tó fi aṣọ ìnuwọ́ wé kalẹ̀ lórí tábìlì, ó sì dúró. Báńdéèjì funfun wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, láti ọrùn-ọwọ́ títí dé ìdí àtàǹpàkò.

Àǹtí Ọlọ́bẹ rí báńdéèjì yẹn, ó rí aṣọ tí wọ́n wé, ó sì ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ iná. Ó yẹ kí àyà rẹ̀ já, àmọ́ kò já. Láti oṣù márùn-ún tí bàbá rẹ̀ ti kú, gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí dókítà eyín ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́. Ó mọ̀ pé ara náà wà níbẹ̀, àmọ́ tó bá fọwọ́ kàn án, bíi pé ti ẹlòmíì ni.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn obìnrin méjèèjì sílẹ̀ lórí ìdúró ná, kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀.

Ogójì ọdún ni Bàbá Ọlọ́bẹ fi rọ ọ̀bẹ nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn. Wọn ò gbé pátákó síta, wọn ò kọ orúkọ sára ògiri. Ohun tí wọ́n ní ni òǹtẹ̀ kan, irin kúkúrú tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí wọ́n fúnra wọn gbẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ sí lẹ́nu: ìka mẹ́ta síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn. Ẹni tó bá rí ẹsẹ̀ ẹyẹ lára ọ̀bẹ kì í tún béèrè ẹni tó rọ ọ́. Ìṣó kan sì wà lára ògiri lókè àga wọn. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kàn án mọ́bẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ tí ọ̀bẹ òun bá kán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ lòun máa so ó kọ́, kí òun lè máa rí i ní gbogbo ìgbà tóun bá gbójú sókè. Ìṣó yẹn dípẹtà níbẹ̀ láìrí nǹkan gbé.

Àmọ́ bàbá yìí ní ìṣe kan tó máa ń mú orí àwọn oníbàárà gbóná. Wọn kì í lu òǹtẹ̀ sára ọ̀bẹ tí wọ́n bá ń tà. Tó o bá ra ọ̀bẹ lọ́wọ́ wọn, bó ṣe wà lásán ni wàá gbé e lọ, wàá sì lò ó fún odindi ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni wàá gbé e padà wá fún pípọ́n. Wọ́n á fi èékánná ta á létí wọn láti gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n á mi èèkù rẹ̀ wò bóyá ó ti ń yẹ̀. Tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n á gbé e lé orí owú, irin ńlá tí wọ́n ń lu nǹkan lé lórí, wọ́n á gbé òǹtẹ̀ sí ọrùn ọ̀bẹ níbi tí irin ti pàdé èèkù, wọ́n á sì fi òòlù kékeré kàn án lẹ́ẹ̀kan péré. "Ó ti di tèmi báyìí," ni wọ́n máa ń sọ. Oníbàárà á wá máa wò wọ́n, torí òun ti rò pé tòun ni.

Alápatà kan bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, tí mo bá ra bàtà, ṣé ọdún tó ń bọ̀ ni ẹni tó ṣe é máa tó gbà pé òun lòun ṣe é ni?"

Bàbá ní, "Tí bàtà náà bá dé ọdún tó ń bọ̀, kó gbà nígbà náà."

Nígbà tó ku ọdún méjì kí wọ́n kú, apá ọ̀tún Bàbá kọṣẹ́. Wọ́n lè fi pọ́n ọ̀bẹ, wọ́n lè fi kan òòlù kékeré, àmọ́ wọn ò lè fi gbé òòlù ńlá sókè mọ́. Àǹtí, àkọ́bí wọn obìnrin, tó ti ń bá wọn ṣe èèkù láti ogún ọdún sẹ́yìn, ló gba òòlù ńlá. Ẹnikẹ́ni kò kéde rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń rí i nídìí iná, wọ́n rò pé ó ń ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ni. Bàbá bọ́ sórí àga onírin nítòsí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń gba èyí tó ń padà bọ̀, wọ́n ń pọ́n ọn.

Nígbà tó pé ọdún kan, àwọn ọ̀bẹ tí Àǹtí fọwọ́ ara rẹ̀ rọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Ó mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe mọ ìka ọwọ́ rẹ̀. Á dúró nídìí iná, á máa fi ìtìjú wo Bàbá láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Bàbá á ta á létí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mi èèkù, wọ́n á pọ́n ọn kó mú, wọ́n á fi ìwé ìròyìn wé e, wọ́n á sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Inú àpò ẹ̀wù wọn ni òǹtẹ̀ wà. Wọn ò yọ ọ́.

Ti àkọ́kọ́, Àǹtí rò pé wọ́n gbàgbé ni. Nígbà tó di ìkarùn-ún, ó mọ̀ pé wọn ò gbàgbé. Mọ́kànlá ló padà wá kí Bàbá tó kú, mọ́kànlá náà ló lọ láìní àmì.

Kò béèrè. Òun àti bàbá rẹ̀ lè jọ ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ àárín wọn má ju "gbé ẹmú yẹn fún mi" lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé iṣẹ́ òun ni kò tíì dójú ìwọ̀n. Ó sọ ọ́ títí kò fi dùn ún mọ́. Àwọn èèyàn rò pé ikú Bàbá ló sọ obìnrin yìí di igi, irọ́ ni wọ́n ń pa. Orí ọ̀bẹ kọkànlá ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin kan fún un ní áńkáṣíìfù méjì. Ó dá méjèèjì padà ní gbígbẹ.

Ó ní àbúrò ọkùnrin kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Máníjà, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìkan ló rí ṣe máníjà lé lórí. Òun ló ń wá oníbàárà. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n sin Bàbá tó fi wọlé wá, ó ní òtẹ́ẹ̀lì kan fẹ́ ọgbọ̀n ọ̀bẹ fún ilé ìdáná wọn.

"Mo sọ fún wọn pé ọ̀bẹ tí Bàbá rọ kẹ́yìn ni," ó ní. Kò wojú Àǹtí bó ṣe ń sọ ọ́. "Wọ́n fẹ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ lára gbogbo rẹ̀."

"Bàbá kì í lu òǹtẹ̀ kó tó pé ọdún kan."

"Bàbá ò sí mọ́, Àǹtí. Ta lẹ rò pé ó máa dúró ọdún kan? Lójú àwọn èèyàn yìí, ọ̀bẹ tí kò bá ti ní àmì, ọ̀bẹ orí àtẹ lásán ni. Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ ṣe nǹkan tí kì í sàmì sí i. Àwọn aránṣọ ń rán orúkọ mọ́ ọrùn aṣọ. Búrẹ́dì tí wọ́n máa jẹ tán láàárọ̀ gan-an ní orúkọ lára ọ̀rá rẹ̀."

"Ibo ni wọ́n fẹ́ ẹ sí?"

"Ojú irin gan-an, láàárín, kó hàn dáadáa. Tó bá wà lọ́rùn níbẹ̀, èèkù máa ń bò ó nínú fọ́tò." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mo kàn fẹ́ kí nǹkan Bàbá ṣì máa jáde nínú ilé yìí ni."

Òótọ́ ló ń sọ. Ọmọ Bàbá lòun náà, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà ṣọ̀fọ̀. Àǹtí ní kò burú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kú, "kò burú" kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú òǹtẹ̀.

Àárín ojú ọ̀bẹ tó ti parí le ju kí òǹtẹ̀ wọ̀ ọ́ lọ, ọmọ ọlọ́bẹ kankan ò sì ní dán an wò. Torí náà, ìgbà tí irin ṣì pupa nínú iná ló ń lu ẹsẹ̀ ẹyẹ sí i, kó tó rì í bọ inú epo tó ń mú kó le. Òǹtẹ̀ ń wọlé dáadáa, ó ń jinlẹ̀, ó sì dùn-ún wò. Ọgbọ̀n ọ̀bẹ ló ṣe bẹ́ẹ̀. Máníjà tò wọ́n sórí aṣọ dúdú, ó ya wọ́n ní fọ́tò, ó ní Bàbá ìbá rí i. Ohun tí Àǹtí kò mọ̀ ni ohun tó máa ń ṣe àmì tó bá bá irin gbígbóná wọ inú epo, torí nínú ogójì ọdún, àmì kankan ò wọ inú epo rí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ṣóńṣó ni ìka ẹyẹ. Nígbà tí irin bá sún kì lójijì nínú epo, orí ṣóńṣó yẹn ló ti ń sán, ìlà kan tó tín-ín-rín ju irun lọ, tí ojú lásán kò lè rí. Bóyá Bàbá mọ̀ bẹ́ẹ̀, bóyá wọn ò mọ̀. Wọ́n kàn ń dúró di ọdún kan ni.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn kí Ọ̀gá Ìdáná tó wọlé. Òun ni olórí àwọn tó ń se oúnjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì náà. Ó tú aṣọ ìnuwọ́ náà lórí tábìlì. Ọ̀bẹ náà ti kán sí méjì, ojú ibi tó ti kán sì gba àárín ẹsẹ̀ ẹyẹ kọjá: ìka méjì ń bẹ lápá ibí, ìka méjì lápá ọ̀hún.

"Elégédé ni mo ń gé," ó ní. "Mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀yìn ọ̀bẹ bí mo ṣe máa ń ṣe látọjọ́ tí mo ti ń dáná. Àfi bó ṣe dún pá. Èyí tó já yẹn ló yọ̀ sí mi lọ́wọ́. Ojú méje ni wọ́n rán. Dókítà ní àtàǹpàkò yìí lè má ká tán mọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ mà."

"Mi ò wá gba pẹ̀lẹ́. Mo wá béèrè nǹkan kan ni. Ta ló rọ ọ̀bẹ yìí?"

Máníjà ti jáde láti ẹ̀yìn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ tónítóní. Ó rí ọ̀bẹ tó kán, ojú rẹ̀ yí padà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò jáfara. "Ẹ káàsán mà. Bàbá wa ni mà, ẹsẹ̀ ẹyẹ wọn ló wà lára rẹ̀ yẹn. Àgbà ti dé sí wọn nígbà tí wọ́n rọ ọ́, ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi orí jì wọ́n."

Àǹtí gbọ́ ọ. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀. Bàbá á gbé e. Òkú kì í jiyàn, ẹnikẹ́ni ò sì ní lọ bá a béèrè ohunkóhun. Nǹkan kan wá ṣí nínú rẹ̀, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ṣí láti oṣù márùn-ún, kì í sì í ṣe nǹkan tó dáa. Ìbínú ni, ìbínú kékeré, tútù. Wọ́n kọ mọ́kànlá mi, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀. Kí àwọn náà gba ẹyọ kan yìí.

Ọwọ́ rẹ̀ ti mú ọ̀bẹ tó kán náà kó tó mọ̀. Ó gbé e súnmọ́ iná mànàmáná, ó wo ojú ibi tó ti kán, bí ẹnikẹ́ni tó bá mọ irin ṣe máa wò ó. Àwọ̀ eérú tó mọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka ẹyẹ, ó dúdú bíi ẹ̀yìn ìkòkò. Epo ti wọ ibẹ̀. Èyí ò kán lórí elégédé, láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í bọ epo ló ti sán. Kí Bàbá wà láyé ni, wọn ò ní wò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n fi máa mọ̀.

"Èmi ni mo rọ ọ́, mà," ó ní.

"Àǹtí," Máníjà ní.

"Èmi ni. Bàbá ti kú kí n tó gé irin rẹ̀. Òǹtẹ̀ wọn ni mo gbé. Mo lù ú síbi tí wọn kì í lù ú sí, nígbà tí wọn kì í lù ú. Ibi àmì yẹn gan-an ló ti sán. Ẹ̀bi mi ni."

Ọ̀gá Ìdáná wò ó títí. Lẹ́yìn náà, ó fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó dáa wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ mìíràn jáde, ó gbé e lé ẹ̀gbẹ́ èyí tó kán. "Èyí ńkọ́?"

Igi dúdú ni èèkù rẹ̀, ìṣó bàbà méjì ló dè é, ìkejì wọ́ díẹ̀. Àǹtí rántí ọjọ́ tí ìṣó yẹn wọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. "Èmi náà ni."

"Mo mọ̀," Ọ̀gá Ìdáná ní. "Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti rà á fún ara mi. Nígbà tó pé ọdún kan, mo gbé e wá fún Bàbá, mo ní kí wọ́n bá mi lu ẹsẹ̀ ẹyẹ sí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò ní àléébù kankan. Mo ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lù ú. Wọ́n ní, 'Kì í ṣe tèmi.'"

Àǹtí fi ìka ra orí ìṣó tó wọ́ náà.

"Wọ́n wá fi ẹnu júwe ẹ fún mi. Ìdí iná lo wà, o kẹ̀yìn sí wa, ariwo ẹ̀rọ yìí ò sì jẹ́ ká gbọ́ra. Wọ́n ní, 'Ẹni tó rọ ọ́ nìyẹn. Ọjọ́ tó bá ní àmì tiẹ̀, ẹ gbé e padà wá fún un.' Mo rò pé wọ́n ti sọ fún ẹ."

"Wọn ò sọ fún mi."

"Ìwọ náà béèrè?"

"Mi ò béèrè."

Ọ̀gá Ìdáná mi orí. Ó wo yàrá náà láti ògiri dé ògiri. "Níbi tí màlúù méjì ò lè dúró sí yìí," ó ní, "ẹ̀yin méjèèjì ò ríra sọ̀rọ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wá yíjú sí Máníjà. "Nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ ẹyẹ láàárín ojú irin, lára ọ̀bẹ tuntun, mo ti mọ̀ pé ẹnì kan ń purọ́. Mo wá wo ẹni náà ni."

Máníjà ń wo bàtà rẹ̀. Àǹtí ní kó lọ sí òtẹ́ẹ̀lì báyìí, kó kó gbogbo èyí tó kù wá, kó sì sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún fi gé nǹkan kan. "Sọ ẹni tó rọ ọ́ fún wọn," ó ní. "Máa dárúkọ mi." Máníjà jáde.

Àǹtí fi irin ìdìmú tó wà létí tábìlì di ọ̀bẹ tó kán mú. Ó mú fáìlì, ó fi ha ìka ẹyẹ kúrò lápá ibí títí kò fi ku nǹkan kan. Ó tú u, ó di apá kejì mú, ó ha ìyẹn náà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀, torí irin náà le, Ọ̀gá Ìdáná sì jókòó sórí páálí kan, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ló mú irin ṣóńṣó tí wọ́n fi ń sàmì sí ibi tí ihò èèkù máa wà. Ó gbé e lé ọrùn ọ̀bẹ tó kán, níbi tí irin ti rọ̀, ó kan òòlù kékeré mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Àmì kan tó rí tóńtó bíi hóró iyọ̀ wà níbẹ̀.

"Èyí tó kán lo kọ́kọ́ ń sàmì sí?" Ọ̀gá Ìdáná bi í.

"Èmi ni mo rọ ọ́."

Ó fi wáyà so apá méjèèjì pọ̀, ó sì fi kọ́ ìṣó tó wà lókè àga onírin. Ìpẹtà bọ́ sílẹ̀ díẹ̀, àmọ́ ìṣó náà gbé e.

Ó wá gbé ọ̀bẹ eléèkù dúdú lé orí owú. Ó gbé irin ṣóńṣó sí ọrùn rẹ̀, àmọ́ ẹnu irin náà kò dúró sójú kan. Ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Ọ̀gá Ìdáná dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ tó dáa di ọ̀bẹ náà mú fún un. Àǹtí mí kanlẹ̀. Ó kàn án.

Ọ̀gá Ìdáná gbé e sókè, ó wò ó. "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan, mà."

"Ó tó," ó ní. Ó fi ìwé ìròyìn wé e, ó kì í bọ báàgì, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Àǹtí jókòó sórí àga onírin. Kò jókòó síbẹ̀ rí, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó. Ó ń retí ẹkún, ẹkún ò wá. Àmọ́ ó ń dùn ún. Ó ń dùn ún gan-an, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe máa ń dunni nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń kúrò lára. Ó lé lọ́dún kan tó fi ń ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bàbá rẹ̀ sí ẹ̀gàn, bàbá rẹ̀ sì ti kú, kò sí bó ṣe lè lọ bá wọn pé òun ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tí Máníjà gbé páálí ọ̀bẹ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wọlé. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó rí ohun tó wà lára ìṣó, ó sì rí ẹni tó jókòó sórí àga.

"Mẹ́wàá tó kù nínú àwọn tí Bàbá dá padà láìní àmì yẹn," ó ní, "mo mọ ilé gbogbo wọn. Mo lè lọ gbà wọ́n wá lọ́la, kẹ́ ẹ sàmì sí wọn."

"Má lọ," Àǹtí ní. "Tí wọ́n bá gbé e wá fúnra wọn, màá sàmì sí i."

Ó dìde. Ó ní kó bá òun wá kẹrosíìnì tó máa wọ inú ibi tó bá sán àti ṣọ́ọ̀kì tó máa fà á jáde kó hàn, kí àwọn lè yẹ àwọn tó wà nínú páálí wò, kí àwọn mọ iye tó ti sán.